Ìgbín Tó Wà Nínú Etí

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Bí mo bá ní mo rí ìgbín nínú etí, ẹ ó ní ọ̀gbẹ́ni yìí tún ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá wá fi kún un pé ìgbín náà hu irun, pé omi ló kún inú rẹ̀, àti pé òun ló dá sí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó mi lọ sí Ìlaròó, ẹ ó pa ìwé yìí dé, ẹ ó lọ wá nǹkan gidi ṣe. Ẹ ṣe sùúrù. Èmi náà kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, bẹ́ẹ̀ ojú ara mi ni mo fi wò ó, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n là sílẹ̀, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo èkejì.

Igbó-Elérin ni ilé náà wà, ní òpópónà kan tó já sí márosẹ̀ Àgbádárìgì. Yàrá kọjú sí yàrá, kànga wà láàárín àgbàlá, igi fúrúùtù kan sì ṣíji bo ìdajì ilẹ̀. Bàbá Onílé jẹ́ ọmọ ìlú Ọ̀jọ́ gidi, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Àwa tí a wá láti Ìlaròó, tí a ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ láìwọ bàtà, la gba yàrá méjì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Láàárọ̀, ohun tí n ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìkírun Bàbá Onílé lórí ẹní, garawa á tẹ̀ lé e, tí yóò máa lu ara kànga bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni orógùn ìyá mi nínú ìkòkò ògì, àti epo tó ń ta sókè bí wọ́n bá da àkàrà sí i. Láti ọ̀nà jíjìn, àwọn agbèrò Okokomáíkò á ti máa pe èrò. Gbogbo ìró yìí ń wọlé sí mi lára bí àwọn èèyàn tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ilé, wọ́n á máa tira wọn, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí ẹnì kejì ti wá. Mo rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ayé nìyẹn. Ọmọdé kì í mọ̀ pé ilé àwọn yàtọ̀ títí yóò fi jẹun nílé ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó lè lọ jẹun nínú etí ẹlòmíràn.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n kúrú, wọ́n pupa, ohùn wọn sì lè dá ọkọ̀ dúró ní márosẹ̀. Àjàní ni oríkì mi, ṣùgbọ́n lọ́dún náà kò sẹ́ni tó rántí. Etí-ikún ni Ìyá Àgbà sọ mí, nítorí ikún kì í gbọ́, èmi náà kì í sì í gbọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n fọ abọ́ lẹ́bàá kànga, kí n gbálẹ̀ abẹ́ igi fúrúùtù, kí n sì gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá mi ní Ìyànà Ìbà, níbi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ti oúnjẹ yẹn nìkan ni wọn kì í pè mí sí lẹ́ẹ̀mejì, torí mo máa ń bá wọn jẹ níbẹ̀. Bí mo bá jókòó ti abọ́, Ìyá Àgbà á wà lórí àpótí wọn lẹ́nu yàrá. Wọ́n á pè mí, n kò ní dáhùn. Wọ́n á tún pè, n kò ní mi ara. Tí wọ́n bá wá fi gbogbo ọ̀fun figbe ta, n ó fò dìde bí ẹni tí èèrà bù jẹ, n ó sì sáré gba ẹnu géètì lọ, níbi tí ẹyọ èèyàn kan kò sí. Wọ́n á bojú wo gbogbo ilé, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀sín ló ń fi mí ṣe. Mo wà níhìn-ín, ó ń sáré lọ sọ́hùn-ún." Wọ́n á sì fi àdúrà kan náà kádìí rẹ̀, pé ẹni a wí fún, Ọba jẹ́ ó gbọ́. Kódà nínú eré bojúbojú, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti kígbe kọ́ ni mo máa ń lọ. Wàídì, ọmọ-ọmọ Bàbá Onílé, a máa rẹ́rìn-ín nínú ibi tó sá pamọ́ sí títí ìtọ̀ á fi bọ́ lára rẹ̀.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ mi kọjá ẹ̀rín. Tíṣà mi ránṣẹ́ sílé pé bí òun bá ń sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ni mo máa ń wò. Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbọ́ ọ, wọ́n kàn mi orí. Nígbà tó yá ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ti di ti Ìlaròó. Ẹ̀gbọ́n wọn wà níbẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Agẹdú nítorí pé igi lílà ni iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó bá lágídí nínú ẹbí, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń kó o lọ. Ọmọ a máa padà dé pẹ̀lú ẹ̀kọ́, a sì máa padà dé pẹ̀lú àpá. Ọjọ́ kejì Iléyá ni wọ́n dá fún un, torí Bàbá Agẹdú ń bọ̀ wá kí Bàbá Onílé, wọn yóò sì mú mi dání lọ. Ìyá mi ti to aṣọ mi sínú báàgì onílà pupa àti búlúù, wọ́n gbé e tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ṣèlérí fún gbogbo èèyàn pé mo máa gbọ́ràn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé mo ń gbìyànjú, mo ń gbìyànjú gidi, síbẹ̀ igbe ni mo ń jí bá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti orí àgbò. Onígbàgbọ́ ni wá, ṣùgbọ́n bí Bàbá Onílé bá ti pa àgbò Iléyá, orí rẹ̀ di ti Ìyá Àgbà, torí àwọn ló dàgbà jù nínú àgbàlá. Ìyá Àgbà kì í pín orí náà bí ẹni pín ẹran. Bí ẹni pín oògùn ni. Ẹni tó bá ń kólòlò ló ni ahọ́n. Ẹni tí oorun ń yọ lẹ́nu nínú ìjọ ló ni ojú. Ewé etí ńkọ́? Tèmi ni, kò sẹ́ni tó ń bá mi dù ú. Láti ìgbà tí mo ti ní eyín ni mo ti ń jẹ etí àgbò, tí wọ́n á dúró tì mí títí n ó fi rún kerekere rẹ̀ tán. Ká ní ó ń ṣiṣẹ́ ni, mo ti yẹ kí n máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì.

Ní Iléyá ọdún náà, wọ́n ti jó irun orí àgbò, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó wà nínú abọ́ láàárín àgbàlá. Ìyá Àgbà gé etí méjèèjì, wọ́n gbé wọn sókè kí gbogbo ilé rí i, wọ́n ní méjèèjì ni n ó jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí n kò bá gbọ́ràn ní Ìlaròó, pàṣán Bàbá Agẹdú kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni Àǹtí Sìkírátù ti rẹ́rìn-ín. Àbúrò Bàbá Onílé pátápátá ni Àǹtí, iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ilé ìwé, ó di pé Àǹtí ń jókòó sílé láti bí oṣù mélòó kan, wọ́n ń ka ìwé lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò kọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹran, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ewé etí kì í gbọ́ nǹkan kan. Géètì lásán ni. Ẹni tó ń gbọ́ wà nínú yàrá lọ́hùn-ún."

Ìyá Àgbà wo etí ọwọ́ wọn, wọ́n wo Àǹtí. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á ti retí ìbínú. Ṣùgbọ́n àbùdá kan wà lára ìyá arúgbó yìí tí mo jogún láìsanwó: wọ́n fẹ́ràn àtimọ̀dí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Fi onílé náà hàn mí."

Bí maikirosíkóòpù ṣe jáde sí àárín àgbàlá nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lójú ni, irin dúdú wúwo kan tó tẹ̀ bí ẹni ń forí balẹ̀, dígí kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń bu oòrùn sókè, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí iná mànàmáná kò sí. Àǹtí gbé e lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ṣí àpótí pákó kan tí gíláàsì pẹlẹbẹ tò sínú rẹ̀, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹran kan wà tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, tí wọ́n pa láró. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, ojú eku, kí wọ́n lè kọ́ wa bí a ṣe ń wò ó. Ìyá Àgbà ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì kéde pé irun ojú ara àwọn ni àwọn rí. Àǹtí ní kí wọ́n má sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí àwa ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Nígbà tó kàn mí, mo rí ohun tí mo ṣì ń rí bí mo bá pa ojú dé dòní. Ó dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ léra wọn, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn ní àwọ̀ àlùkò, àwọn mìíràn sì kún fún àmì tó-tò-tó bí ọkà bàbà tí wọ́n sá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pátápátá, nǹkan tín-ín-rín dúró ṣánṣán, wọ́n fara ti ara wọn bí ọwọ̀ tí wọ́n gbé dúró lórí ìdí. Àǹtí ní ọwọ̀ wọ̀nyẹn ló ń gbá ìmọ́lẹ̀ jọ. Lẹ́yìn náà wọ́n sún gíláàsì síwájú, wọ́n fi ibì kan hàn mí tí gbogbo okùn inú ojú ti kóra jọ láti bá ẹ̀yìn jáde lọ sínú ọpọlọ. Kò sí ọwọ̀ kankan níbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ kò ríran, pé gbogbo ojú tó wà láyé ló ní irú ibẹ̀, àti pé a kò mọ̀ nítorí ojú kejì ń bá a bo àṣírí. Mo di ojú mi ọ̀tún, mo di ti òsì, mo ń wá ibi tí n kò ti ríran. Títí di ìsinsìnyí, mo máa ń ṣe é bí mo bá ń dúró de ọkọ̀, àwọn èèyàn á sì rò pé mo ń ṣẹ́jú sí wọn.

Etí ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pa ìwé dé lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá wò ó. Wọ́n ti gé egungun kékeré inú etí náà sí méjì, bí ẹni la ìkarahun ìgbín láti ṣóńṣó dé ìdí, ihò rẹ̀ sì ń yí po, ó ń kéré sí i bó ṣe ń gòkè. Àǹtí ní ká ní ó ṣì ní ẹ̀mí ni, omi ni ì bá kún inú ihò yẹn. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, awọ kan nà láti ògiri dé ògiri bí okùn ìsáṣọ, àwọn èèyàn kéékèèké kan sì jókòó lórí rẹ̀. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, èèyàn. Àǹtí ní bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, n ó rí i pé irun wà lórí wọn. Ìyá Àgbà tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí irun orí ìgbín.

Wọ́n bi Àǹtí pé, "Kí wá ni ìgbín ń fi irun ṣe nínú omi?"

Àǹtí ní bí ìró bá kan ilẹ̀kùn etí, omi inú ìgbín á mì, irun á tẹ̀ bí koríko etí odò, èyí tó bá tẹ̀ ni ọpọlọ ń gbọ́. Bí irun náà bá ti kú, kì í hù mọ́. Láti fi yé wa, wọ́n bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí a tò, kí oníkálukú gbọ́ bí irun tirẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Wàídì gbọ́ ọ lọ́tùn-ún, ó gbọ́ ọ lósì, ó rìn lọ bí ẹni yege ìdánwò. Ó kàn mí. Lọ́tùn-ún, aago ń ké, kẹ́kẹ́kẹ́, bí ìyá adìẹ tó rí kòkòrò. Àǹtí gbé e sí òsì, ó dákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti mọ̀ wọ́n, wọ́n ti dá a dúró. Wọ́n wo aago náà. Wọ́n gbé e padà sí ọ̀tún, ó ń ké. Wọ́n gbé e sí òsì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí títí ó fi ń tutù lára mi, kò sí nǹkan kan. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá n kò gbọ́. Mo wò wọ́n pẹ̀lú àánú, torí mo rò pé gbogbo ìwé tí wọ́n ń kà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó wà ńlẹ̀ fún wọn.

Mo ní, "Àǹtí, èyí kọ́ ni mo fi ń gbọ́ràn. Sípíà ni."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọmọ alẹ́táyà ni mí. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń gbé táyà kan pamọ́ sẹ́yìn, tí kì í lò ó títí èyí tó ń lò á fi jò. Mo ti rò ó látìgbà pípẹ́ pé etí ọ̀tún ni gbogbo èèyàn ń lò, ti òsì wà níbẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Wàídì ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Ìyá Àgbà. Wọ́n dìde pẹ̀lú etí àgbò lọ́wọ́, wọ́n rìn gba ẹ̀yìn mi lọ sí ọwọ́ òsì, wọ́n sì dúró níbẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e, Wàídì ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà: ó ní wọ́n pe orúkọ mi jẹ́jẹ́, wọ́n tún pè é, èmi sì ń bá àlàyé táyà mi lọ. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rín àwọn èèyàn ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá mi ló rántí ṣégede. Mo kéré gan-an nígbà náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ti òsì ló wú jù, wọ́n fi búlúù ìfọṣọ kùn ún, wọ́n fi gèlè so àgbọ̀n mi mọ́ orí. Nígbà tó lọ, wọ́n gbé mi lọ sí ìjọ lọ dúpẹ́. Àǹtí ní ó lè jẹ́ pé òun ló pa irun inú ìgbín náà, pé ṣégede máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Wọ́n tún ní etí méjì ni èèyàn fi ń mọ ibi tí ìró ti wá. Ẹni tó bá ń lo ọ̀kan, bí wọ́n bá pè é láti kànga, ó lè sáré lọ sí géètì, kì í ṣe ẹ̀sín. Ìyá Àgbà padà jókòó sórí àpótí wọn.

"A dúpẹ́ pé ṣégede lọ," ni wọ́n wí. "A kò béèrè ohun tó gbé dání lọ."

Wọ́n béèrè oògùn, Àǹtí ní kò sí, àfi kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún mi. Nígbà tí orí àgbò jinná, mo na ọwọ́ gba etí méjèèjì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìyá Àgbà gbá ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n fi ata ra á, wọ́n sì fi ìwọ̀nba eyín tó kù wọ́n lẹ́nu jẹ etí kan, wọ́n jẹ èkejì, kerekere ń dún lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn ló yẹ kó kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ràn lọ́dún yìí.

Bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú òórùn gọ́ọ̀mù lára wọn. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Bàbá mi wá dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ta ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi òsì, wọ́n ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí táyà tí èèyàn bá gbé wá bá wọn. Wọ́n ní, "Mo ti ń lẹ táyà yìí láti ọjọ́ yìí, n kò ti ì bọ̀ ọ́ sínú omi kí n wo ibi tó ti ń jò." Síbẹ̀ wọn kò ní n kò lọ mọ́. Bàbá Agẹdú ni ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì ti dá ọjọ́. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n bá dá ọjọ́ fún kì í kàn dìde sọ pé òun ti yí ọkàn padà. Mo fi etí ọ̀tún lé ìrọ̀rí sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n má baà gbọ́ ohunkóhun. Ẹ rí i pé sípíà náà ní ìwúlò tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, báàgì kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Mo jáde, mo sì rí Bàbá Agẹdú nínú àgbàlá, wọ́n ti mu ògì tán, wọ́n ti jẹ àkàrà, báàgì onílà mi sì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, ó kún fọ́fọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wo etí mi méjèèjì bí ẹni wo pákó tó ní ihò, wọ́n kàn sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn, wọ́n gbé báàgì lé èjìká, wọ́n jáde lọ. Ẹran Iléyá ló wà nínú rẹ̀. Aṣọ mi wà lórí ibùsùn ìyá mi. Ìyá Àgbà ti ro ọ̀rọ̀ etí mi fún wọn kí n tó jí, itan àgbò ni wọ́n sì fi rọ́pò mi.

Mo lọ jókòó ti abọ́ lẹ́bàá kànga. Nígbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí, "Àjàní." Ohùn kan tí n kò mọ̀ rí ni, ó rọ̀, ó sì tutù, bí ohùn ẹni tó ń kọrin fún ọmọ ọwọ́. Mo yíjú. Ìyá Àgbà ni. Wọ́n ti gbé àpótí wọn kúrò lẹ́nu yàrá níbi tó ti wà látọjọ́ tí mo ti dáyé, wọ́n gbé e yí kànga ká, wọ́n jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu wọn, torí igbe nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n lọ gbálẹ̀ abẹ́ igi fúrúùtù kí oòrùn tó mú. Mo gbọ́ ọ ketekete, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo ilé sì mọ̀ pé mo gbọ́. Àwáwí mi ti tán. Mo dìde, mo mú ọwọ̀.